Ẹdun tó kù létí odò wa

Àárọ̀ Sátidé kan ni, ọyẹ́ ń mú gan-an, aago mẹ́fà ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá díẹ̀, ni fóìsì kan wọlé sórí WhatsApp wa. Ohùn ọmọkùnrin télọ̀ tó ń ránṣọ lẹ́bàá afárá ni. Kò tilẹ̀ kí ẹnikẹ́ni. "Ẹ̀yin ará, ẹ̀rọ agégi tún ti ń ké níbí o. Apá ibi igi ọ̀pọ̀tọ́ yẹn ni. Èmi nìkan ni mo wà níbí." Ó wá gbé fóònù sókè kí àwa náà lè gbọ́. A gbọ́ ọ lóòótọ́: ariwo bíi ti ọ̀kadà tí sàléńsà rẹ̀ ti já, á ké, á dákẹ́, á tún ké.

Ìró tí mo fi sùn náà ni mo tún ró, mo wọ súwẹ́tà ọmọ mi lé e, mo sì jáde. Ẹ jẹ́ kí n fi ara mi sílẹ̀ lójú ọ̀nà níbẹ̀ ná. Bí mo bá sọ ohun tí mo bá lábẹ́ igi náà láìsọ bí a ṣe di ẹni tí ń sáré jáde nítorí igi, ẹ ó rò pé orí wa kò pé ni. Àwọn aládùúgbò wa kan ṣì rò bẹ́ẹ̀ títí di òní.

N kò ní dárúkọ odò náà. Ọ̀yọ́ ni mo ń gbé, ìyẹn ti tó. Ìdí tí n kò fi ní dárúkọ rẹ̀ ń bọ̀ níwájú, ẹ̀bi tèmi ló sì wà nínú rẹ̀.

*

Ìbejì ni mí. Táíwò mi wà ní Ìbàdàn, èmi Kẹ́hìndé ni mo dúró de ilé. Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń kì wá: Ẹ̀jìrẹ́ ará Ìṣokùn, ẹdúnjọbí, ọmọ ẹdun tí ń ṣeré orí igi. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń pe Ìṣokùn yẹn lẹ́nu bí ẹni pé ọ̀run ló wà. Àdúgbò ni, nínú ìlú Ọ̀yọ́. Mọ́tò ń ná ibẹ̀, wọ́n ń ta búrẹ́dì níbẹ̀, iná mànàmáná ibẹ̀ náà sì ń ṣe ségesège bíi ti gbogbo ibòmíràn. Ilé bàbá mi wà níbẹ̀. (Odò tí mò ń sọ kò sí ní Ìṣokùn o, ẹ má wulẹ̀ wá a lọ.)

Nígbà tí a wà ní kékeré, bí ìyá wa bá ń kì wá tó sì kan ẹdun tí ń ṣeré orí igi, Táíwò á bi í pé, "Ìyá, àwọn ẹdun ọ̀hún dà?" Ìyá wa á ní, "Wọ́n wà létí odò. Ẹ má lọ yọ wọ́n lẹ́nu, ẹbí yín ni wọ́n." Láti ìgbà tó ti bí wa títí tó fi kú, ẹran ọ̀bọ kò kan ẹnu rẹ̀. Bó bá rí ìsọ̀ ẹni tó ń tà á, á gba òdìkejì títì kọjá.

Ẹdun gan-an tí àwọn àgbà ń sọ, èyí tó dúdú tí irun funfun sì ṣù bò ó, n kò fi ojú ara mi rí i rí. Èyí tó wà létí odò wa, ọ̀bọ kékeré ni, ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú, ikùn rẹ̀ funfun, ìrù rẹ̀ gùn bí okùn fàmífàmí. Ẹdun ni gbogbo wa ń pè é bẹ́ẹ̀ náà. Ẹni tó kàwé nípa ẹranko lè wá bá wa jà. Ṣùgbọ́n orúkọ yẹn ni kò jẹ́ kí wọ́n ti pa wọ́n tán láti ọjọ́ yìí wá, n kò sì ní bá ẹnikẹ́ni tún un ṣe.

*

Ọdẹ ni bàbá mi. Ó máa ń ṣe àwọn èèyàn ní kàyéfì bí mo bá mẹ́nu bà á nínú ọ̀rọ̀ ìdáàbòbò ẹranko, bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ ọdẹ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ pé ẹran wà tí a kì í pa. Bàbá mi kì í yìnbọn sí abo ẹran tí ọmọ ń tẹ̀ lé. Kì í sì pa ẹran tó wá mumi. Ó ní ẹni tó pa ẹran létí omi kò yàtọ̀ sí ẹni tó pa àlejò nídìí àwo oúnjẹ. Bí ó bá ti oko ọdẹ dé lọ́wọ́ òfo, tí ìyá wa ń wò ó lójú, á ní òun rí ìgalà kan létí odò. Ìyá wa á ní, "Ẹ kò sì pa á?" Á dáhùn pé, "Ó ń mumi." Ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Ẹ̀kọ àti ọbẹ̀ ilá la ó jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà.

N kò fẹ́ kí ẹ rò pé gbogbo ọdẹ ayé ìgbà náà ló rí bẹ́ẹ̀. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí ọyẹ́ bá ti dé ni wọn ó ti iná bọ igbó, wọn ó dúró síbi tí atẹ́gùn ń gbé iná lọ, ohunkóhun tó bá sá jáde, ìbáà ṣe ọ̀yà tàbí òkété, igi ni. Bàbá mi kì í bá wọn lọ. Ó máa ń sọ pé iná kì í ka ẹran, gbogbo rẹ̀ ló ń kó.

Igbó etí odò yẹn ló ń dáàbò bo odò. Ọ̀rọ̀ yìí kò le yé rárá. Gbòǹgbò ọparun, ògùrọ̀ àti ọ̀pọ̀tọ́ di bèbè mú. Bí òjò bá rọ̀, ewé tó ti jábọ́ sílẹ̀ á kọ́kọ́ gba omi mu bíi kàn-ìn-kàn-ìn, omi á rọra wọ ilẹ̀ lọ. Ẹja àrọ̀ ń yé sáàárín gbòǹgbò, akàn ń gbẹ́ ihò síbẹ̀, àdán àti ọ̀bọ ń jẹ èso ìyeyè níhìn-ín, wọ́n ń lọ yàgbẹ́ kóró rẹ̀ sọ́hùn-ún, igi mìíràn á hù. Bí ẹ bá gé igi bèbè, òjò àkọ́kọ́ á gbá iyẹ̀pẹ̀ sínú odò, odò á dín jínjìn, á fẹ̀. Lọ́dún mẹ́ta sí mẹ́rin, ohun tó kù ni yanrìn, àwọn onítípà á sì dé pẹ̀lú ṣọ́bìrì. Nígbà tí mo wà ní ọmọdé, a fi okùn apá mẹ́jọ fa omi nínú kànǹga ilé wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Lónìí okùn apá mẹ́rìnlá kò kan omi bí oṣù kejì bá ti wọlé. Ẹnikẹ́ni kò wá wọ̀n ọ́n fún wa. Ejìká wa ló sọ fún wa.

*

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀ sórí ọ̀rọ̀ igún.

Ẹni tó bá ti tó ogójì ọdún ní Ọ̀yọ́ á rántí odò ẹran, ibi tí wọ́n ti ń pa màlúù. Òrùlé páànù ibẹ̀ kì í ṣófo. Igún á tò síbẹ̀ bí àwọn àgbà tó wá gbọ́ ẹjọ́, ọrùn wọn ní bòròbòrò, wọn kò bẹ̀rù ajá, wọn kò bẹ̀rù wa. Ohun tí àwọn alápatà bá dà nù, wọn ó tún ibẹ̀ ṣe mọ́ kí oòrùn tó mú. Ní ọdún tó kọjá mo mú àwọn ọmọ kíláàsì mi kọjá níbẹ̀, mo fẹ́ fi igún hàn wọ́n. Lékelèke nìkan la rí. Àwọn ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í na ìka wọn sókè pé kí lékelèke bá àwọn léékánná, inú wọn dùn, èmi nìkan ni mo dúró tí mò ń wo òrùlé.

Kì í ṣe Ọ̀yọ́ nìkan. Ní 2015 àjọ àgbáyé tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ nípa ẹ̀dá tó fẹ́ run, IUCN, gbé gúnnugún wa yìí sí ìpele tó burú jù kí ẹ̀dá tó parẹ́ nínú igbó. Wọ́n ń pa á tà fún oògùn, wọ́n ń fi májèlé sínú òkú ẹran, igi ńlá tó ń tẹ́ ìtẹ́ sí sì ń di pákó. Àwa tí a ń sọ pé igún kì í kú léwe, a kò rò ó pé ó lè tán lágbà.

Ohun tó dùn mí nínú rẹ̀ ni pé ojú gbogbo wa ló ṣe. A rí i. Ẹni tó ń ta orí igún ń tà á ní gbangba ọjà. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀, torí kò sí ẹni tó rò pé ọ̀rọ̀ òun ni.

*

Ìṣokùn kan náà tí wọ́n fi ń kì wá ni olú iléeṣẹ́ Ọgbà Ẹranko ti Ọ̀yọ́-Ilé wà, lójú ọ̀nà Ìsẹ́yìn. Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ọmọ ẹdun àti àwọn tó ń ṣọ́ ẹdun wà ládùúgbò kan náà, ọ̀pọ̀ ará Ọ̀yọ́ tó ń gba ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ kọjá lójoojúmọ́ kò sì tíì dé inú ọgbà náà rí. Igbó méjì ni tẹ́lẹ̀. Ìjọba ìgbà Òyìnbó ya ti òkè odò Ògùn sọ́tọ̀ ní 1936, wọ́n ya ti Ọ̀yọ́-Ilé sọ́tọ̀ ní 1941. Ní 1952 wọ́n sọ méjèèjì di igbó ẹranko, ìjọba àpapọ̀ sì pa wọ́n pọ̀ di ọgbà orílẹ̀-èdè ní 1991. Gbogbo rẹ̀ tó 2,512 kìlómítà níbùú lóròó. Ẹfọ̀n wà níbẹ̀, ìgalà wà níbẹ̀, ìjímèrè ń sáré nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ọ̀nì ń bẹ nínú omi.

Inú ọgbà yìí náà ni ahoro Ọ̀yọ́-Ilé wà. Lẹ́yìn tí ogun lé àwọn baba wa kúrò níbẹ̀ láàárín ọdún 1830 sí 1840, tí Àtìbà sì tẹ Ọ̀yọ́ tuntun dó ní Àgọ́, igi hù nínú ààfin, ẹran sì ń jẹko níbi tí ẹṣin Aláàfin ti ń jẹko. Odò Ògùn gba inú rẹ̀ kọjá, ó ń bọ̀ láti apá Ṣakí, ó ń lọ sí Abẹ́òkúta, ó ń lọ sí Èkó. Ará Èkó tó ń mu omi ẹ̀rọ kò mọ̀ pé omi igbó wa lòun ń mu.

Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó náà. Iṣẹ́ wọn le, ewu ibẹ̀ sì pọ̀ lóde òní. Ṣùgbọ́n mo ti jókòó ti àwọn ọdẹ tí ilà ọgbà náà gba orí ilẹ̀ baba wọn kọjá, mo sì mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí lẹ́nu wọn. Ohun tí wọ́n fi òfin gbà lọ́wọ́ èèyàn, òru ni èèyàn ń lọ mú un padà. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹ̀ṣọ́ mélòó ni wọn ó gbà sẹ́nu iṣẹ́ tí yóò fi kárí gbogbo kòtò odò tó wà lẹ́yìn ilé wa? Ọ̀yà tí mo mọ̀, àwọ́nríwọ́n tí mo mọ̀, kò sí èyí tó ń gbé inú ọgbà. Etí odò tí ẹnikẹ́ni kò kọ sínú ìwé ni wọ́n wà.

*

Àwa mẹ́ta la bẹ̀rẹ̀: èmi, télọ̀ yẹn, àti arákùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe. Ohun tí a kọ́kọ́ ṣe nìyí, ẹ má rẹ́rìn-ín: a dáwó, a ṣe pátákó. A fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́, ká lè dà bí iléeṣẹ́ gidi. Ó ní kí wọ́n má da ilẹ̀, kí wọ́n má gé igi, kí wọ́n má ṣọdẹ. A gbé e dúró, a yà á ní fọ́tò, a lọ sílé. Kò pé oṣù kan tí pátákó fi di àwátì. Ìgbà tó yá la rí i lẹ́yìnkùlé ẹnì kan, ó ti fi ṣe ilẹ̀kùn ilé adìẹ. Kò tilẹ̀ pa ohun tí a kọ síbẹ̀ rẹ́. Adìẹ ń gba abẹ́ "Má ṣọdẹ níbí" wọlé lọ sùn.

Ọ̀dọ̀ Baba Olúọdẹ àdúgbò wa la wá gbà lọ. Ó ti mọ bàbá mi dáadáa. Ó gbọ́ ẹjọ́ wa tán, ó tu obì lẹ́nu, ó ní, "Pátákó yín yẹn, ta ló kà á? Bó sì kà á, ta ni yóò bi í pé kí ló dé tó fi kọjá rẹ̀?" Ó ní ká ta màrìwò.

Màrìwò! Ọ̀rọ̀ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ tú wa ká. Àáfà tó wà nínú ìpàdé tí a ṣe níwájú ilé mọ́gàjí ní òun kò ní bá wọn lọ́wọ́ sí ẹbọ. Pásítọ̀ kan mirí pé bẹ́ẹ̀ ni, ó jọ pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ohùn àwọn méjèèjì ṣọ̀kan. Baba Olúọdẹ kò bínú. Ó ní, "Ẹ̀yin àlùfáà, ẹbọ kò sí níbẹ̀. Imọ̀ ọ̀pẹ ni. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́ta mọ̀ ọ́n kà, àlejò mọ̀ ọ́n kà, ẹni tí kò mọ̀wé mọ̀ ọ́n kà. Bí wọ́n bá rí i lójú ọ̀nà, wọ́n mọ̀ pé ibẹ̀ ní olówó." Mọ́gàjí ní kí kálukú ṣe tirẹ̀ sí i. Báyìí ló ṣe di pé ní ọjọ́ tí a ta màrìwò, àáfà ṣe àdúà, pásítọ̀ gbàdúrà, Baba Olúọdẹ náà sọ tirẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́. N kò mọ igbó mìíràn ní Ọ̀yọ́ tí wọ́n gbàdúrà fún lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Ogójì ìṣísẹ̀ la kà láti etí omi lọ sókè, ẹsẹ̀ Baba Olúọdẹ la fi wọ̀n ọ́n, èyí tó kúrú díẹ̀. Láàárín ibẹ̀ ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé igi tútù, kò gbọdọ̀ ti iná bọ̀ ọ́, kò sì gbọdọ̀ da Gamalin, oògùn apakòkòrò, tàbí oògùn pa-koríko somi láti fi kó ẹja. Àwọn ìyá tó ń ṣẹ́ igi gbígbẹ lè máa ṣẹ́ ẹ. Ẹni tó bá fẹ́ já ewé oògùn kó já, kó má kàn bó èèpo igi yíká, torí abẹ́ èèpo yẹn ni oúnjẹ igi ń gbà. Ẹni tó bó o yíká ti fún igi lọ́rùn pa.

Àwọn kan á ní ayé ti là ju màrìwò lọ. Ẹ lọ wo igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo. Hẹ́kítà márùndínlọ́gọ́rin ni, ìlú yí i ká, bẹ́ẹ̀ igbó ńlá ló ṣì jẹ́. Èèwọ̀ ni láti ṣọdẹ tàbí pẹja níbẹ̀. Ọ̀bọ ń rìn níbẹ̀ bí onílé. Nígbà tí èèwọ̀ yẹn ń rọ, tí wọ́n ti ń gé igi, tí wọ́n ti ń dáko wọ ibẹ̀, Susanne Wenger, obìnrin ará Austria tí wọ́n ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, àti àwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú náà fi ère àti ògiri dúró tì í, àwọn olùbọ Ọ̀ṣun kò sì fi ibẹ̀ sílẹ̀. Ní 2005 ni UNESCO ṣẹ̀ṣẹ̀ wá kọ ọ́ mọ́ ogún àgbáyé. Èèwọ̀ ti wà níbẹ̀ kí UNESCO tó dé. Ohun tí èèwọ̀ ń ṣe, bí mo ṣe rí i sí, ni pé ó ń fún aládùúgbò lẹ́nu ọ̀rọ̀. Bí mo bá rí ọ pẹ̀lú àdá nínú igbó lásán, kí ni mo fẹ́ wí? Bí màrìwò bá wà níbẹ̀, ìyá aláàkàrà pàápàá lè pariwo mọ́ ọ.

*

Ìyá Ṣèyí kò gbà. Èédú ló ń sun. Òun àti àbúrò rẹ̀ á to igi jọ bí ẹbè, wọn ó fi koríko tútù bò ó, wọn ó fi iyẹ̀pẹ̀ bo koríko, wọn ó ṣáná sí i lábẹ́, á máa rú èéfín tìkọ̀tìkọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Igi àyín ló dára jù fún un, torí èédú rẹ̀ wúwo, ó sì pẹ́ lójú iná. Àyín sì pọ̀ létí odò.

Mo lọ bá a. Mo ti to ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀ dáadáa, gbòǹgbò, omi kànǹga, gbogbo rẹ̀. Ó jẹ́ kí n parí. Ọwọ́ rẹ̀ dúdú títí dé ìgbúnwọ́, eérú wà nínú ìpéǹpéjú rẹ̀. Ó ní, "Ìyá Dámi, kí lẹ fi ń se ọbẹ̀ nílé?"

Mo dákẹ́. Gáàsì ti wọ́n, èédú la fi ń se ẹ̀wà. Àpò tó wà ní ilé ìdáná mi lọ́jọ́ yẹn gan-an, ọwọ́ rẹ̀ ni mo ti rà á.

Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ ń jẹ igi yìí. Èmi kàn ń bá yín sè é ni."

N kò rí èsì fọ̀ títí mo fi délé. Ohun tí a ṣe lẹ́yìn náà kò pa ìṣòro rẹ̀. A bá ọkùnrin kan sọ̀rọ̀ tó ní oko kajú, tí àwọn igi rẹ̀ ti gbó tó sì fẹ́ hú wọn dànù, kí Ìyá Ṣèyí máa sun ẹ̀ka rẹ̀. Èédú kajú kò dára tó ti àyín, owó rẹ̀ sì kéré. Ó gbà á fún sáà kan, ó padà sí àyín, ó tún kúrò níbẹ̀. Ó ṣì ń bú mi bí ọjà bá kù. Mo gbà pé ó tọ́ sí mi.

*

Mo wá kan ẹ̀bi mi báyìí.

Ọdún kejì tí màrìwò wà níbẹ̀, nǹkan ń lọ dáadáa. Sátidé Sátidé la ń lọ ka ẹran. A kì í ṣe onímọ̀ ìjìnlẹ̀. Ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ iléèwé ni mò ń kọ ọ́ sí. Koríko tí ọ̀yà jẹ máa ń dúró bí ẹni pé wọ́n fi ọ̀bẹ gé e ní ìdágẹ̀ẹ́rẹ́, ìgbẹ́ rẹ̀ sì gùn, ó ní ilà kan láàárín. Àwọ́nríwọ́n kan wà tó ń yá oòrùn lórí ìtì ọ̀pẹ kan náà nígbà gbogbo, àwọn ọmọ sọ ọ́ ní Alága. Ẹdun di mẹ́sàn-án. Mo rí ìyá kan tó gbé ọmọ máyà, ọmọ ọ̀hún kò ju ọwọ́ mi lọ, ojú rẹ̀ sì rọ bíi ti arúgbó. Mo yà á.

Mo gbé e sórí Facebook. Mo kọ orúkọ odò. Mo kọ orúkọ afárá. Mo ní kí ayé wá wo ohun tí àwa ará Ọ̀yọ́ ń ṣe. Ọkàn pupa rọ̀ sórí rẹ̀ bí òjò, àwọn tí n kò mọ̀ rí ń gbà mí ládùúrà. Táíwò pè mí láti Ìbàdàn pé mo ti di gbajúmọ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ kan tí gbogbo wa wà níbi òkú ṣíṣe, àwọn kan gbé ọ̀kadà wá láti ibi tí a kò mọ̀, pẹ̀lú ajá àti ìbọn. Ohun tí a bá ni ewé ọ̀pọ̀tọ́ tí ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ sí, àti èso kan tí wọ́n ti gé jẹ lápá kan, ibi tí eyín kékeré wọ̀ ṣì hàn lára rẹ̀. Mẹ́sàn-án di márùn-ún. Ìyá ọlọ́mọ yẹn kò sí nínú àwọn tó kù.

Baba Olúọdẹ wá sílé mi. Kò jókòó. Ó ní, "Kẹ́hìndé, ta ló júwe ilé fún wọn?"

Wọ́n ní òjò tí elúùlú bá pè, orí ara rẹ̀ ni yóò rọ̀ lé. Tèmi kò rọ̀ lé mi lórí. Orí àwọn tí kò ní Facebook ló rọ̀ lé. Mo pa fọ́tò náà rẹ́ lóru ọjọ́ yẹn, mo sì mọ̀ pé mo kàn ń ṣe é fún ara mi ni.

*

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí àárọ̀ ọlọ́yẹ́ yẹn.

Nígbà tí mo máa fi dé ibi ọ̀pọ̀tọ́, ẹ̀rọ ti dákẹ́. Àwọn ọmọkùnrin méjì dúró, ọ̀kan gbé ẹ̀rọ dání, èkejì ń fi fóònù pe ẹnì kan tí kò gbé e. Ọ̀pọ̀tọ́ kọ́ ni wọ́n wá gé, àyín ńlá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni. Wọ́n ti já a dé ìdajì, ìyẹ̀fun igi pupa díẹ̀díẹ̀ wà nílẹ̀ bí gaàrí tí epo kàn. Wọ́n ní àwọn ti sanwó fún ọmọ onílẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́.

Ohun tó dá wọn dúró ni Ìyá Ṣèyí. Ó gbé ara rẹ̀ jókòó sídìí igi náà, sápá ibi tó máa wó sí gan-an, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó sì ń jẹ àkàrà àti ẹ̀kọ gbígbóná nínú ewé. Télọ̀ dúró tì í bí ẹni tó ń ṣọ́ ìyàwó tuntun. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin náà ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde." Kò gbójú sókè. Ó ní, "Ṣé ẹ kò rí màrìwò ni? Èmi tí mò ń sun èédú, tí wọ́n ní kí n má gé e, ẹ̀yin wá fẹ́ gé e lójú mi?"

Wọ́n dúró títí àkàrà fi tán. Àwọn ènìyàn ti ń pọ̀ sí i, àáfà dé pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, kò sọ nǹkan kan, ó kàn ń wò wọ́n. Wọ́n gbé ẹ̀rọ wọn sórí ọ̀kadà, wọ́n ní àwọn máa padà wá. Ó ṣeé ṣe kí ìyẹn náà jẹ́ òótọ́. Baba Olúọdẹ po amọ̀ mọ́ ìgbẹ́ màlúù, ó fi dí ojú ọgbẹ́ igi náà. Apá kan rẹ̀ ń rúwé báyìí, apá kejì ti ń gbẹ.

Nígbà tí ariwo lọ sílẹ̀, ewé mì lókè. A ka wọ́n. Télọ̀ ní méje ni. Ìyá Ṣèyí ní irọ́ ni, mẹ́jọ ni, ọ̀kan ń fara pa mọ́ sẹ́yìn ìyá rẹ̀, ṣé ojú ń dun télọ̀ ni. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn. Mo ti ọwọ́ bọ àpò súwẹ́tà, mo yọ fóònù, mo gbé e dé àyà, mo dá a padà sápò. Nígbà tí mo délé, mo kọ méje sínú ìwé, mo sì fi àmì ìbéèrè sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́.